Ife Kejì Ẹ̀gbọ́n Télọ̀

Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù Ìyá Kíkan pa nítorí pé ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu yọ́gọ́ọ̀tì dídì sínú ife ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sí ẹ̀sùn mìíràn. Yọ́gọ́ọ̀tì náà kò bàjẹ́, ife náà kò dọ̀tí, inú kò sì run ẹ̀gbọ́n náà lẹ́yìn tó jẹ ẹ́. Ọkùnrin kan wọlé, ó fọn fèrè, ó ní kí gbogbo ènìyàn jáde, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó sì fi gúlù lẹ ìwé pupa mọ́ ilẹ̀kùn. Ìwé náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́ títí ìgbìmọ̀ ìlú yóò fi jókòó lórí ọ̀ràn náà.

Iṣẹ́ télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n yìí fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Ó rán aṣọ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n; bó bá gbé ṣíbí, ṣíbí a máa jó. Lọ́sàn-án gbogbo ló ń rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, a jẹ ife méjì, a sì lọ sílé. Ó ní ife àkọ́kọ́ wà fún ọ̀fun, ìkejì ló wà fún ahọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n ti ibẹ̀ pa, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ àkọ́kọ́ tán ni. Ó ti na ife fún ìkejì nígbà tí fèrè dún.

Ta ló wá ṣe òfin pé àbúrò kò gbọdọ̀ bu oúnjẹ fún ẹ̀gbọ́n? Ẹ jókòó dáadáa, nítorí ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kàn yìí kì í fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun ní ìdúró. Oyè rẹ̀ ni Ọ̀gá Àgbà Yányán fún Ohun Dídì, Ohun Dídùn àti Ìrísí Ṣọ́ọ̀bù. Oyè náà gùn débi pé pátákó kan kò gbà á. Wọ́n ní láti kan òmíràn mọ́ ọn, èyí tó kẹ́yìn sì yọ sí ojú fèrèsé. Àwọn ará ìlú, tí wọ́n ní iṣẹ́ láti ṣe, ń pè é ní Ọ̀gá Àṣà-Ti-Yí, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ló fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀. Bí ènìyàn bá kí i pé ẹ kú àárọ̀, a mi orí, a ní àṣà ti yí.

Nígbà tí Ìyá Kíkan bẹ̀rẹ̀ òwò, yọ́gọ́ọ̀tì dídì kò ní ju adùn kan lọ, kíkan sì ni adùn ọ̀hún. Ògiri funfun ni ṣọ́ọ̀bù náà ní, bẹ́ǹṣì pákó mélòó kan, àti ìyá kan tó di ìpọnkó mú. Ẹni tó bá tọ́ ọ wò a fún ojú pọ̀, a dákẹ́ díẹ̀, a wá na ife padà. Ibẹ̀ ló ti rí orúkọ rẹ̀, kò sì bínú sí i. Ó ní ohun tó kan kì í tan ènìyàn jẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Ọ̀gá Àṣà-Ti-Yí rin ìrìn-àjò lọ sí ìlú ńlá kan. Nígbà tó dé, ó pe ìpàdé. Ó dúró lórí àpótí kí ohùn rẹ̀ lè ti òkè wá.

"Àṣà ti yí," ló wí. "Ẹ̀yin ará ìlú tí ẹ ṣe oríire láti wà láyé nígbà tèmi, mo lọ, mo rí, mo sì padà nítorí àánú yín. Níbi tí mo lọ, ẹnìkan kì í bù fún ẹnìkan. Ẹ̀rọ ń bẹ lára ògiri, ó ní ọwọ́, ẹni tí yóò jẹ ló ń fà á. Òmìnira nìyẹn. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá bu yọ́gọ́ọ̀tì fún ẹlòmíràn ti jí òmìnira onítọ̀hún gbé. Bù ú fúnra rẹ ni orúkọ òfin náà, èmi ni mo sì bí i."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ àkọ́kọ́, òun fúnra rẹ̀ ló fa ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fà á. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà. Yọ́gọ́ọ̀tì kún ife, ó gun apá aṣọ rẹ̀, ó ṣàn sórí bàtà rẹ̀ tó ń dán. Akọ̀wé rẹ̀, tí ìlú ń pè ní Kò-Sírú-Yín, ló kọ́kọ́ rí ọ̀nà àbáyọ. Ó pariwo pé ọ̀gá ń fi bí ọ̀pọ̀ yanturu ṣe rí hàn wọ́n ni. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, kò sí òṣìṣẹ́ kan ní ọ́fíìsì náà tí kò da yọ́gọ́ọ̀tì sórí bàtà kó tó wọlé. Àwọn tó ń retí ìgbéga fi ẹ̀pà wọ́n ọn.

Ìyá Kíkan kì í ṣe olóríkunkun. Ó ra ẹ̀rọ, ó gbé òṣùwọ̀n síwájú kí oníkálùkù lè san ìwọ̀n ohun tó bù, ó to èso, bísíkíìtì àti ṣokoléètì sínú abọ́. Inú àwọn ọ̀dọ́ dùn. Wọ́n ń fà á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kó nǹkan lé e lórí títí tó fi jẹ́ pé yọ́gọ́ọ̀tì gan-an di ohun tí wọ́n ń fi ṣíbí wá nísàlẹ̀. Inú tirẹ̀ náà dùn sí wọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbìyànjú ẹ̀rọ náà, ọwọ́ gbọ̀n, yọ́gọ́ọ̀tì fọ́n sí ògiri. Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò wá lọ́jọ́ kejì. Ìyá Kíkan lọ bá a nílé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ padà wá sórí bẹ́ǹṣì yín," ló wí. "Kí n wà níbẹ̀ kí n káwọ́ gbera, kí ẹ máa bá ẹ̀rọ jìjàkadì? Ta ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀?"

Bí ó ṣe bù ú fún un nìyẹn, bí fèrè sì ṣe dún nìyẹn.

Ó lọ sí ọ́fíìsì láti rojọ́. Ní yàrá ìdúró, àwòrán ọ̀gá wà lára ògiri, ẹni tó bá fẹ́ rí ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí àwòrán. Ìyá Kíkan kí i pé ẹ kú iṣẹ́. Àwòrán kò dáhùn, ó sì sàn ju ẹni tó dáhùn nígbẹ̀yìn lọ.

Ó ṣàlàyé pé òun kò bẹ̀bẹ̀ fún ojúure, kí ìgbìmọ̀ ṣáà jókòó kí wọ́n gbọ́ tẹnu òun. Ọ̀gá ní ìgbìmọ̀ yóò jókòó nígbà tí òun bá ní kí wọ́n jókòó. Ní tòótọ́, kò fẹ́ kí wọ́n jókòó rárá, nítorí ẹni tó bá jókòó lè dìde.

"Òfin kò mọ ojú, Ìyá," ló wí.

"Ọ̀ràn ojú kọ́, ọ̀gá. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbọ̀n."

"Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n yín ló ń gbọ̀n. Òfin kò gbọ̀n."

Kò-Sírú-Yín mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi tútù. Ó ní ọgbọ́n irú èyí kò gbọdọ̀ ṣòfò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kùn ún sára ògiri iwájú ọ́fíìsì ní lẹ́tà gàdàgbà: ÒFIN KÒ GBỌ̀N.

Ìyá Kíkan padà sí ìdáná rẹ̀. Ó ń ṣe yọ́gọ́ọ̀tì díẹ̀ fún àwọn ará ilé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń wá jẹ ife àkọ́kọ́. Bó bá kan ìkejì, a fi ọwọ́ bo ife.

"Ìyẹn wà ní ṣọ́ọ̀bù," ni ẹ̀gbọ́n máa ń wí. "Ìta gbangba ni mo ti na ife. Mi ò ní jẹ ìyókù rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ bí olè."

Ó bẹ̀ ẹ́ títí. Kò gbà. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù nìkan ló ń dun Ìyá Kíkan mọ́. Ife kan tí kò tíì bù ló ń lá àlá rẹ̀ lójú oorun. Wọ́n tilẹ̀ ti kó àwọn bẹ́ǹṣì rẹ̀ lọ sínú yàrá ìkẹ́rù ìlú, wọ́n ní ohun àtijọ́ ń ba ìrísí òpópónà jẹ́.

Àṣà tún yí. Ọ̀gá lọ sí ìlú ńlá, ó dé, ó ní adùn ti di ọ̀tá ara. Wọ́n kó èso àti ṣokoléètì kúrò, wọ́n kun gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní àwọ̀ ewé, wọ́n dín ife kù débi pé bí ènìyàn bá sín, ó lè gbé e mì. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fò sókè lẹ́nu ọ̀nà kí òógùn bọ́ lára rẹ̀. Kò-Sírú-Yín ń fi ìgò omi pamọ́ sí àpò, a wọ́n ọn síwájú orí, a wá máa mí hẹlẹ-hẹlẹ. Kí ni ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń jẹ? Ẹ má bi í. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbá ọ́fíìsì rẹ̀ mọ ohun tó ń bá lábẹ́ tábìlì, èso kọ́ ni.

Lẹ́yìn èyí ni ìròyìn dé pé Alákòóso Àgbà, ìyá tó jẹ́ olórí gbogbo àwọn ọ̀gá, ń bọ̀ wá wo ìlú náà. Bí inú rẹ̀ bá dùn, yóò mú Ọ̀gá Àṣà-Ti-Yí ṣe igbákejì ara rẹ̀. Ọ̀gá sáré lọ sí ìlú ńlá kó lè mọ ohun tó lòde. Ohun tó rí níbẹ̀ yà á lẹ́nu: wọ́n ti padà sí ògiri funfun, bẹ́ǹṣì pákó, àti yọ́gọ́ọ̀tì tó kan. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń fi ìpọnkó bù ú fún ènìyàn. Ìlà àwọn tó fẹ́ jẹ gùn yí ilé ká.

"Àṣà ti yí," ló wí nígbà tó dé. "Láti òní lọ, a ti di ará àtijọ́."

Wọ́n kọ́ Ilé Àtijọ́ sí iwájú ọ́fíìsì rẹ̀ gan-an, tó dojú kọ ògiri tí wọ́n kọ ÒFIN KÒ GBỌ̀N sí. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì Ìyá Kíkan jáde láti yàrá ìkẹ́rù wá síbẹ̀. Wọ́n gba ọkùnrin kan láti máa fi ìṣó ha tábìlì tuntun kó lè gbó. Lókè ilẹ̀kùn, wọ́n kọ ọ́ pé LÁTI ÌGBÀ ÌWÁṢẸ̀. Kọ́ńkéré ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì tíì gbẹ. Kò sẹ́ni tó rántí pe Ìyá Kíkan.

Ìṣòro kan ló wà. Òfin Bù-ú-Fúnra-Rẹ ṣì ń bẹ. Kò-Sírú-Yín sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé bóyá kí wọ́n wọ́gi lé e. Ojú ọ̀gá le. Ó ní àṣà ló ń yí, òun kì í yí. Ẹni tó bá wọ́gi lé òfin òun ti sọ pé òun ṣàṣìṣe rí. Nítorí náà, wọ́n fi pákó bo ẹ̀rọ, wọ́n lu ihò sí pákó, wọ́n sì gba obìnrin kan láti dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìpọnkó kó máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ yóò kí obìnrin náà, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò wá bẹ̀rẹ̀, yóò ki ọwọ́ bọ ihò, yóò bù ú fúnra rẹ̀. Ọ̀gá wò ó, ó ní òun kò mọ bí ọgbọ́n ṣe ń wọ orí òun tó báyìí.

Ọjọ́ ìṣíde pé, gbogbo ìlú wá. Ẹ̀gbọ́n Télọ̀ ló fa Ìyá Kíkan wá, ó ní bẹ́ǹṣì òun wà níbẹ̀, òun fẹ́ mọ ẹni tó jókòó lé e. Kò sẹ́ni tó jókòó lé e. Ó lọ jókòó sí àyè rẹ̀, ó gbé ife rẹ̀ sórí orúnkún.

Lẹ́nu ọ̀nà ni Alẹ̀wé dúró sí pẹ̀lú fèrè, bọ́rọ́ọ̀ṣì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì gúlù. Òun ló lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn Ìyá Kíkan. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ti lẹ òmíràn mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn nọ́ọ̀sì kan tó bù fún aláìsàn tí kò lè gbé orí. Ènìyàn búburú kọ́. Ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ, ibẹ̀ ló ń dúró sí. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ pé kódà bó bá jẹ́ ìyá tó bí i ló bù fún bàbá tó bí i, kó lẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ń ṣàlàyé, fèrè ni kó fi dá a lóhùn.

Alákòóso Àgbà jẹ́ àgbàlagbà obìnrin tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ gígùn fún un. Nígbà tó parí, ó gbé ife, ó nà án sí obìnrin tó di ìpọnkó mú. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó tún nà án. Obìnrin náà tún rẹ́rìn-ín, òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé etí ń dùn ọ́ ni, ọmọ mi?"

"Rárá, mà. Ẹ̀rín ni wọ́n gbà mí fún."

"Ta ni wọ́n wá gbà láti bù ú?"

Gbogbo ojú yí sí ọ̀gá. Ó wo ihò ara pákó. Ó wo ìyá àgbà náà, ó rò ó bí yóò ṣe sọ fún un pé kó bẹ̀rẹ̀ kó ki ọwọ́ bọ inú ògiri. Ó rí ipò igbákejì tó ń fò lọ. Ló bá já ìpọnkó gbà, ó sáré kọjá sẹ́yìn pákó, ó bu yọ́gọ́ọ̀tì, ó padà, ó sì dà á sínú ife ìyá náà.

"Báyìí ni ìyá mi ṣe máa ń bù ú fún mi," ló wí, omi sì lé sí i lójú, "níhìn-ín gan-an, lórí bẹ́ǹṣì yìí."

Fèrè dún.

Àwọn kan rò pé ara eré ni. Kò-Sírú-Yín tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Alẹ̀wé rìn wá síwájú, ó kúnlẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀ tìtẹríba-tìtẹríba, ó dìde.

"Ọ̀gá, ẹ bù fún ẹlòmíràn. Mo rí i."

"Ìwọ! Ṣé o ò mọ̀ mí ni?"

Alẹ̀wé rò ó wò. Ó fẹ́ dáhùn dáadáa. "Mo mọ̀ yín, sà. Òfin ni kò mọ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Alẹ̀wé fi fèrè dá a lóhùn. Ó wá rékọjá sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì tó wà lódìkejì, ó kun gúlù láìkánjú, ó lẹ ìwé pupa mọ́ ilẹ̀kùn, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó má bàa ká. Bí pátákó oyè náà ti gùn tó, ìwé bo ìdajì rẹ̀.

Alákòóso Àgbà béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kò-Sírú-Yín, tó máa ń mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí kí ewé tó mì, ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ka òfin náà láti orí dé ìdí ní ohùn tó já gaara, ó wá fi kún un pé, "Kò sírú yín, mà."

Ọ̀gá ké pé kí ìgbìmọ̀ jókòó lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ìpọnkó ń lu bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀. Láti orí bẹ́ǹṣì, Ẹ̀gbọ́n Télọ̀ na ìka sí ògiri.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀gá," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ọwọ́ yín ló ń gbọ̀n. Òfin kò gbọ̀n."

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín; ẹ̀rín yìí kò ní ojúṣàájú. Obìnrin tí wọ́n gbà fún ẹ̀rín náà rín èyí tí ẹnìkan kò sanwó fún. Alákòóso Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè bóyá ẹjọ́ mìíràn wà níwájú. Wọ́n ní ó wà: Ìyá Kíkan ló ṣíwájú, nọ́ọ̀sì tẹ̀lé e, àwọn mìíràn sì wà lẹ́yìn. Ó yíjú sí ọ̀gá, ó ní, "Ó dáa. Tò sẹ́yìn wọn."

Ó wá pe Ìyá Kíkan súnmọ́ra. Ó ní ojú ti òun fún ohun tí wọ́n ṣe sí i. "Àbúrò mi, ìgbìmọ̀ lè pẹ́. Jẹ́ kí n kọ ìwé fún ọ nísinsìnyí. Ìwọ nìkan, máa bù fún ẹni tó bá wù ọ́. Gba kọ́kọ́rọ́ rẹ kí o máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù."

Ìyá Kíkan wo kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ Alẹ̀wé. Ó rí ògiri funfun rẹ̀, ó rí fèrèsé rẹ̀, ojú rẹ̀ sì fẹ́ ṣe omi. Ìgbà tó gbé ojú sókè, nọ́ọ̀sì ló rí láàárín èrò, tó ń wo ilẹ̀.

"Mo dúpẹ́, mà," ló wí. "Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá gba èmi nìkan láàyè láti ṣe, ojúure ni. Ojúure sì máa ń yí bí àṣà. Bí òfin náà bá dára, ẹ fi mí sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí kò bá dára, ẹ gbé e kúrò lórí gbogbo wa. Títí wọn yóò fi jókòó, èmi yóò máa bù."

Ó lọ sílé. Òun àti nọ́ọ̀sì ló gbé kúlà rẹ̀ dé, wọ́n gbé e kalẹ̀ síta, ní gbangba. Ó bù fún nọ́ọ̀sì, ó ki ìpọnkó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní kó bù fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni yẹn bù fún òmíràn. Báyìí ni wọ́n ń bù fún ara wọn, ọ̀dọ́ fún àgbà, aládùúgbò fún aládùúgbò, wọ́n ń fún ojú pọ̀, wọ́n ń dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ń na ife padà. Alákòóso Àgbà náà da ti Ilé Àtijọ́ nù, ó tò sórí ìlà. Alẹ̀wé fọn fèrè títí èémí fi tán nínú rẹ̀. Ó lẹ ìwé títí gúlù fi gbẹ. Ẹnìkan bu ife kan fún un. Ó wo ife, ó wo fèrè, ó sì yọ fèrè kúrò lẹ́nu, nítorí kò sẹ́ni tó lè jẹun pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Télọ̀ jẹ ife àkọ́kọ́ rẹ̀ tán. Lójú gbogbo ènìyàn, ó na ife fún ìkejì.

Ìyá Kíkan gba ìpọnkó padà, ó bu èyí tó ti ń dúró láti bù láti ọjọ́ tí fèrè ti kọ́kọ́ dún. Ṣùgbọ́n kò dà á. Ó gbé e gba iwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá, ó rìn lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn tí ìwé pupa wà, níbi tí Ọ̀gá Àṣà-Ti-Yí dá dúró sí láìní ife, tí ẹnìkan kò kí i. Ó yí ọwọ́ ìpọnkó sí i.

"Ọ̀gá," ló wí, "ẹ̀gbọ́n mi ṣì na ife. Ẹ bù fún un."